Lẹ́tà ṣíṣí sí bàbá tí ìyàwó rẹ̀ ń lù, tó ń dákẹ́ nítorí àwọn ọmọ

Bàbá àwọn ọmọ,

Mo kí yín, ẹ kú ìfaradà. Mi ò mọ orúkọ yín, mi ò sì ní láti mọ̀ ọ́n kí n tó kọ lẹ́tà yìí, nítorí ẹ pọ̀. Ìyàwó yín ń gbá yín létí, tàbí ó ń ju nǹkan lù yín, tàbí ó ń fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ yín, tàbí ó ń sọ ọ́ létí yín ní gbogbo ìgbà pé bí ẹ bá fi lè ya ẹnu sọ̀rọ̀ síta, ẹ ò ní fojú kan àwọn ọmọ yín mọ́. Ẹ ti gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ ṣì wà níbẹ̀, ìdáhùn kan náà lẹ máa ń fọ̀: nítorí àwọn ọmọ.

Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe, ẹjọ́ ẹbí ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ò ju ẹyọ kan lọ: ìdí tí ẹ fi ń dákẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kó gbé yín dé iwájú adájọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ti ọlọ́mọ tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé tàwọn ọmọ náà á bá a dákẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin ń kà sí ìwà ipá nínú ilé, nítorí ọkùnrin púpọ̀ ló ń rò pé àfi kí orí òun fọ́ kí ọ̀rọ̀ òun tó di ọ̀rọ̀. Ìgbátí wà nínú rẹ̀. Ìhàlẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ó bá gba owó oṣù yín lọ́wọ́ yín, tó wá ń ṣírò owó ọkọ̀ fún yín bí ọmọdé, ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ń tìlẹ̀kùn mọ́ yín síta lóru, bí ó bá ń yẹ fóònù yín wò, tí kò jẹ́ kí ẹ rí àwọn ènìyàn yín mọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Láti ọdún 2015 ni òfin England ti sọ ọ́ di ọ̀ràn pé kí ènìyàn máa fi ìjẹgàba darí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé títí onítọ̀hún ò fi ní òmìnira mọ́, ì báà má fọwọ́ kàn án rárá. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 náà ka fífi owó ni ènìyàn lára àti yíyà á kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ́ ọ̀ràn. Nítorí náà, ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá rán ojú yín pọ̀ ní ilé ìwòsàn.

Ẹ tún máa ń sọ pé òfin yìí, ti obìnrin ni. Níbi púpọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 tí mo mẹ́nu bà yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP, òfin tó ka ìwà ipá sí ènìyàn léèwọ̀, kò sọ pé dandan ni kí ẹni tí wọ́n lù jẹ́ obìnrin. Ẹnikẹ́ni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí i, ìjìyà rẹ̀ sì lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn ₦200,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Abuja ni òfin náà ti múlẹ̀ lójú ẹsẹ̀; àwọn ìpínlẹ̀ wá ń ṣe tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ Èkó ti ní òfin ààbò tirẹ̀ láti 2007. Ghana ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007 kan náà. Gúúsù Áfíríkà ti ṣe tirẹ̀ láti 1998. Ti Jámánì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti ọkọ síta. Àní ní Amẹ́ríkà, níbi tí orúkọ òfin ńlá ọdún 1994 wọn ti dárúkọ obìnrin, ọkùnrin ń jẹ àǹfààní rẹ̀: ọkọ tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ so mọ́ ìyàwó tó jẹ́ ọmọ ìlú tàbí tó ní ìwé ìgbélùú ayérayé lè fi fọ́ọ̀mù I-360 bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìgbélùú fúnra rẹ̀, ìjọba kò sì ní sọ fún ìyàwó náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ náà wà, mi ò ní fi pa mọ́. Ní Íńdíà, òfin ìwà ipá nínú ilé ti ọdún 2005 kò gbà kí ọkọ wá bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ ààbò. Obìnrin nìkan ló lè bèèrè rẹ̀. Ọkọ tí wọ́n ń lù níbẹ̀ ní láti gba ọ̀nà mìíràn: kó fi ẹ̀sùn ìlùkulù kan ìyàwó lábẹ́ òfin ọ̀daràn, kó bèèrè fún ìkọ̀sílẹ̀ nítorí ìwà òǹrorò lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ẹlẹ́sìn Híńdù ti 1955, kó sì bèèrè fún àwọn ọmọ lábẹ́ òfin alágbàtọ́ ti 1890. Ọ̀nà náà gùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni. Ìdí rèé tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi lọ́yà yín fi gbọ́dọ̀ jẹ́: "Ṣé òfin ibí yìí ka ọkọ mọ́ àwọn tó lè bèèrè ààbò, tàbí ọ̀nà mìíràn ni mo máa gbà?"

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ̀ ń rò pé wọn ò mọ̀. Ẹ máa ń dúró kí wọ́n sùn tán, ẹ máa ń rọra nu ẹ̀jẹ̀, ẹ máa ń sọ fún wọn pé ilẹ̀kùn ló gbá yín. Ọmọ ń gbọ́ ohùn láti inú yàrá rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ilé dákẹ́ jù. Òfin náà ti mọ̀ pé ó mọ̀: lọ́dún 2021, òfin ìwà ipá nínú ilé ti England sọ ọ́ kedere pé ọmọ tó rí ìwà ipá láàárín àwọn òbí rẹ̀, tàbí tó gbọ́ ọ, tàbí tí ipa rẹ̀ kàn án, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n hùwà ipá sí. Wọn ò kà á sí òǹwòran mọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, ti sọ ṣáájú pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ gbogbo ìwà ipá, ti ara àti ti ọkàn, nígbà tó bá wà lọ́wọ́ òbí. Ẹ̀yin tí ẹ dúró kí ilé má bàa dàrú lójú wọn, inú ilé tó ti dàrú lẹ ń tọ́ wọn. Ó dùn mí láti sọ ọ́ fún yín báyìí, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ wọn tó láti gbọ́ ọ.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn bàbá kì í rò. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ibòmíràn tú, bóyá olùkọ́ ló rí àpá lára ọmọ tàbí aládùúgbò ló pe ọlọ́pàá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé á bi ẹ̀yin náà léèrè pé: ẹ mọ̀, kí lẹ ṣe? Bàbá tó ti lọ sí kọ́ọ̀tù ṣáájú ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn. Èyí tó dákẹ́ kò ní.

Mo mọ ẹ̀rù tó ń dá yín dúró ju ìtìjú lọ. Ẹ ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ ìyá àwọn ọmọ yín lójú wọn. Kò sí bàbá rere tó máa fẹ́ ìyẹn. Nítorí náà ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀nà méjì ni òfin là sílẹ̀, ẹ sì lè tọ ọ̀kan láì tọ èkejì. Ní ọ̀nà kìíní, ìjọba ló ń pe ẹjọ́. Ẹ lọ sí tẹ́ṣàn, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọlọ́pàá wádìí, bí ẹ̀rí bá sì wà, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ ọ̀daràn. Bó bá ti débẹ̀, ó lè má wà lọ́wọ́ yín mọ́ láti ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ní ọ̀nà kejì, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gba ilé ẹjọ́ lọ, ohun tí ẹ sì ń bèèrè ni ààbò. Kò sí ẹni tó ń lọ sẹ́wọ̀n níbẹ̀, àfi bí ó bá rú àṣẹ tí adájọ́ pa. Ìwé tí wọ́n ń bèèrè lọ́nà kejì yìí ni àṣẹ ààbò, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ dunjú.

Bó ṣe ń lọ rèé ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ̀yin tàbí lọ́yà yín á kọ ìwé ìbẹ̀bẹ̀ sí ilé ẹjọ́, ẹ ó sì fi ìwé ìbúra tì í lẹ́yìn, níbi tí ẹ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ báyìí, ní àkókò báyìí, níwájú ẹni báyìí. Bí ewu bá wà nílẹ̀, adájọ́ lè gbọ́ tẹnu yín nìkan lọ́jọ́ náà, kó pa àṣẹ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi ìwé jíṣẹ́ fún ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì máa wá, tí òun náà á sọ tẹnu rẹ̀, kí adájọ́ tó pinnu bóyá àṣẹ náà á dúró. Àṣẹ yìí lè sọ pé kó má lù yín, kó má halẹ̀ mọ́ yín, kó má sún mọ́ ibi iṣẹ́ yín tàbí ilé ìwé àwọn ọmọ. Ó lè sọ pé kó kúrò nílé. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ọkọ lẹ́nu láti gbọ́ ìyẹn, nítorí wọ́n ti gbà pé bí ìjà bá dé, ọkùnrin ló ń kó ẹrù. Àwọn ará Jámánì ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣàlàyé òfin ọdún 2002 wọn: ẹni tó lu ènìyàn ló ń lọ. Ní England, abẹ́ òfin ẹbí ọdún 1996 ni wọ́n ti ń bèèrè àṣẹ tó dá ìyọlẹ́nu dúró àti èyí tó sọ ẹni tó máa gbé inú ilé. Ẹni tó bá sì rú àṣẹ ìyọlẹ́nu yẹn lè fi ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5 jura. Lábẹ́ VAPP, ilé ẹjọ́ gíga ló ń pa àṣẹ ààbò, àṣẹ náà sì múlẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà.

Ẹ wá ṣọ́ra níbì kan. Àṣẹ ààbò lè dárúkọ àwọn ọmọ, ó lè fi wọ́n sọ́dọ̀ yín fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ibi kì í parí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa gbé. Ìbẹ̀bẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni ìyẹn. Mo ti rí bàbá tó gba àṣẹ ààbò, tó lọ sùn, tí ìyá sì kọ́kọ́ dé iwájú adájọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ẹ kó ìwé méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé ó lè gbé wọn sá lọ, ẹ sọ ọ́ síbẹ̀, kí adájọ́ pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọ́dọ̀ mú wọn kúrò ní ìlú láìgba àyè, kí ìwé ìrìnnà wọn sì wà lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ tàbí lọ́yà. Òfin ọmọdé ti England, ti ọdún 1989, ní irú àṣẹ ìdádúró bẹ́ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní tiwọn lábẹ́ orúkọ mìíràn.

"Kọ́ọ̀tù á gbé ọmọ fún ìyá wọn." Gbólóhùn yìí ti sé ọ̀pọ̀ bàbá mọ́lé. Nígbà kan rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́. Àwọn adájọ́ máa ń gbà pé ọmọ kékeré, ti ìyá ni. Ohun tó wà nínú òfin lónìí, níbi tó pọ̀ jù, ni pé ire ọmọ ló ṣíwájú. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà ti 1970 sọ ọ́, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 tún un sọ, àdéhùn ọdún 1989 sì sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Adájọ́ kan tàbí òmíràn ṣì lè ní èrò àtijọ́ lọ́kàn, mi ò ní tàn yín. Ẹ̀rí ló ń ṣí irú wọn lójú.

Ẹ̀rí wo nìyẹn? Ẹ̀tàn ibẹ̀ ni pé bàbá tí wọ́n lù máa ń kó gbogbo ẹ̀rí ìyà rẹ̀ jọ, ó máa ń gbàgbé láti kó ẹ̀rí ìtọ́jú rẹ̀. Adájọ́ tó ń wo ọ̀rọ̀ ọmọ kò jókòó láti fún ẹni tó jìyà jù ní ẹ̀bùn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni ibi tí ọmọ yìí ti máa sùn láìfòyà, ẹni tó ń jí i, ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́, ẹni tó mọ oògùn tí kò bá a lára mu, ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ ń pè bí ó bá ń ṣàìsàn. Bí ẹ̀yin bá ni, ẹ rí i pé ó hàn nínú ìwé: orúkọ yín ní ilé ìwé, ìbuwọ́lù yín nílé ìwòsàn, owó ilé ìwé tí ẹ san. Bí ẹ̀yin kọ́ bá ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, nítorí àwọn ọmọ náà nílò rẹ̀, kọ́ọ̀tù wà o, kò sí o.

Ti ìyà náà sì wà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà nígbàkúùgbà tí ó bá ṣe yín léṣe, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún un. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ni, ohun tí wọ́n máa kọ sílẹ̀ nìyẹn, ìwé yẹn ni wọ́n á sì fi ta kò yín ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ iwájú. Ẹ ya àwòrán ojú ọgbẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ tún un yà nígbà tó bá dúdú. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ ọjọ́ àti ìṣẹ̀lẹ̀ sí, kí ẹ fi í síbi tí kò sí nínú ilé. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má pa á rẹ́, ẹ má sì fi fóònù nìkan gbà á pamọ́. Ní Nàìjíríà, ohun tó bá ti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà jáde ní ìlànà tirẹ̀ lábẹ́ abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011, ìwé ẹ̀rí kan sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún lọ́yà kó tètè ṣètò rẹ̀, torí ẹ̀rí tó dára ti bọ́ sọnù níbẹ̀ rí.

Gbígba ohùn sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ bèèrè kí ẹ tó ṣe é. Ní Jámánì, ọ̀ràn ni kí ènìyàn gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí ẹlòmíràn ń sọ sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀. California náà fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wà nínú ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ gbà kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀. Àwọn ibòmíràn wà tí kò ti sí wàhálà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rí: ẹ má sọ ọmọ di ẹlẹ́rìí yín. Ẹ má fún un ní fóònù pé kó máa ya àwòrán ìyá rẹ̀. Ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Òtítọ́ ni pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀, abala 12 àdéhùn ọdún 1989 fún un, adájọ́ sì ní ọ̀nà tó ń gbà gbọ́ ọ: ó lè rán òṣìṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, tàbí kó pè é sínú yàrá rẹ̀. Àwọn ènìyàn yẹn máa ń mọ ọmọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀, ẹ ti ba ẹjọ́ ara yín jẹ́, ẹ sì ti di ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ lé ọmọ lórí.

Ẹ má gbá a padà. Mo mọ bó ti rí nígbà tí ènìyàn bá ń gbá yín lójú àwọn ọmọ yín, tí ọwọ́ yín sì lágbára ju tirẹ̀ lọ. Òfin gbà kí ẹnikẹ́ni gba ara rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n ewu tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ọ̀bẹ má bàa kàn yín, ìyẹn yàtọ̀. Bí ẹ bá gbá a lẹ́yìn ìgbà tó ti ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ìyẹn ti di ẹjọ́ yín. Bí ọlọ́pàá bá dé tí ẹni méjì ń ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ọkùnrin ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò. Ẹ kó àwọn ọmọ, ẹ jáde kúrò nínú yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pè fún ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè, orúkọ rẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùfisùn.

Ó tún ṣeé ṣe kí òun ló kọ́kọ́ lọ, kó parọ́ mọ́ yín, kí ẹ déédéé gba àṣẹ ilé ẹjọ́ pé ẹ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé. Ẹ tẹ̀ lé e. Ì báà jẹ́ irọ́ ló kún inú ìwé náà láti òkè délẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e ní kíkún, ẹ má rán àbúrò yín níṣẹ́ sí i, ẹ má fi ọ̀rọ̀ rán ọmọ. Ọjọ́ tí ẹ máa fèsì ti wà nínú ìwé yẹn. Ẹ kó ẹ̀rí yín lọ lọ́jọ́ náà kí ẹ sì ní kí adájọ́ fagi lé e. Bàbá tó rú irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn ọmọ káàárọ̀ ti sọ irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn di òótọ́ lójú adájọ́.

Ọ̀rọ̀ kíkúrò nílé. Bí ẹ bá jáde, tí ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀, tí oṣù mélòó kan kọjá, ilé ẹjọ́ lè wò ó pé wọ́n ti mọ́ ibi tí wọ́n wà, kò sì ní fẹ́ tú wọn ká. Bí ẹ bá kó wọn lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, lọ́yà rẹ̀ á sọ pé ẹ jí wọn gbé. Àárín méjèèjì yẹn ni kí ẹ gbà: bí ewu bá pọ̀, ẹ mú wọn lọ síbi tí kò léwu nínú ìlú kan náà, kí wọ́n máa lọ sí ilé ìwé wọn bó ṣe wà, kí lọ́yà yín sì wọ ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì láti ṣàlàyé ìdí. Ẹ má kọjá ààlà orílẹ̀-èdè. Àdéhùn Hague ti ọdún 1980 wà fún òbí tó bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kúrò ní orílẹ̀-èdè tó ti ń gbé láìgba àṣẹ, bí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì bá sì wà nínú àdéhùn náà, wọ́n á ní kí ẹ dá a padà kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ yín rárá. Abala 13 rẹ̀ yọ̀ǹda fún adájọ́ láti kọ̀ bí ìpadàbọ̀ náà bá máa fi ọmọ sínú ewu ńlá, àmọ́ ó ṣòro láti fi hàn, ẹ má fi gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí àwọn ọmọ bá wá wà lọ́dọ̀ yín, kí ni ti ìyá wọn? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ní sùúrù. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti mọ òbí rẹ̀ méjèèjì, àfi bí ìyẹn bá máa pa á lára. Abala 9 àdéhùn ọdún 1989 ló sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin lè lu ọkọ rẹ̀ kó má fọwọ́ kan ọmọ rí. Òmíràn ń lu gbogbo wọn. Adájọ́ lè ṣètò pé kó máa rí wọn níbi tí ẹlòmíràn wà, tàbí kó kọ́kọ́ gba ìtọ́jú fún ìbínú tàbí ọtí rẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá bèèrè irú ètò yìí, tí ẹ ò bèèrè pé kí wọ́n má rí i mọ́ láéláé, adájọ́ á rí bàbá tó ń ro ti ọmọ. Bí ewu rẹ̀ bá kan àwọn ọmọ gan-an, ẹ sọ ọ́ láìfi bò, ẹ sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé kí ẹ lọ yanjú rẹ̀ nílé, kí àwọn àgbà pè yín jókòó. Mi ò kórìíra ìlàjà. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹni méjì tí ẹ̀rù ara wọn ò bà wọ́n. Àdéhùn Istanbul ti ọdún 2011 tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti obìnrin ló jẹ ẹ́ lógún jù, gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú láti lò ó fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá hùwà ipá sí nínú ilé, ó sì ní kí ìjọba fòfin de fífi ipá mú wọn lọ sí ìlàjà. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n rí. Bí ẹ bá joko síbi ìlàjà tí ẹ ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá nítorí pé ẹ máa bá a padà sílé lálẹ́, ẹ̀rù ló ń ṣe ìpinnu fún yín níbẹ̀. Ẹ gba àṣẹ ààbò ná.

Ọ̀rọ̀ owó: ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́ ní fọ́ọ̀mù àṣẹ ààbò tí ènìyàn lè kọ fúnra rẹ̀, àwọn àjọ tó ń ṣe lọ́yà ọ̀fẹ́ sì wà. Bí ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá sọ̀rọ̀ ní tẹ́ṣàn bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bèèrè ẹni tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ àti ọjọ́ náà sínú ìwé yín.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá lọ́yà ẹbí kan. Kí ẹ tó lọ, ẹ kó ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilé ìwòsàn àti ìwé ilé náà jọ, kí ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ẹ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ọjọ́ sí dání. Ẹ bi lọ́yà náà bóyá ó ti gba àṣẹ ààbò fún ọkùnrin rí, kóòtù wo ló ń gbọ́ ti ọmọ ní ìlú yín, àti bí ó bá ṣeé ṣe kí ìbẹ̀bẹ̀ méjèèjì wọlé lọ́jọ́ kan náà. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé kí ẹ padà lọ farada á bí ọkùnrin, ẹ dìde, ẹ kó ìwé yín, ẹ wá lọ́yà mìíràn lọ́jọ́ yẹn kan náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Lọ́yà ẹjọ́ ẹbí kan